Ẹ́ńjìnnì méjì kì í ṣe bíréèkì méjì: ọ̀rọ̀ táyà ìgbà òtútù lẹ́sẹ̀ mọ́tò oníná

Pé táyà ìgbà òtútù wà, pé ó yàtọ̀ sí ti ìgbà ooru, pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe méjì, ẹ jẹ́ ká fo gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó bá ra mọ́tò oníná tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn: "tèmi ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ara ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi táyà yìnyín ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí èèyàn nínú torí ìdajì ẹ̀ jóòótọ́, ìdajì tó jóòótọ́ yẹn gan-an ló sì ń gbé èèyàn sí kòtò.

Gbogbo mọ́tò ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó jẹ́ pé táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí, mẹ́rin ló fi ń dúró, èyí tó ń yí mẹ́rin náà, mẹ́rin ló fi ń dúró. Tó bá ti di pé ká dúró, tàbí ká yà ní kọ́nà, kò sí nǹkan tí ẹ́ńjìnnì kejì yẹn fẹ́ bá yín ṣe ju pé ó tún fi ara ẹ̀ kún ẹrù lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí kúrò lójú kan ló wúlò. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn sì ti bẹ̀rẹ̀, torí mọ́tò tó ń fi ẹsẹ̀ méjì wa ara ẹ̀, tó bá dé orí yìnyín, táyà ẹ̀ á yí lásán, á yọ̀ díẹ̀, ẹni tó ń wà á á ti mọ̀ pé ilẹ̀ ò dáa, á fara balẹ̀. Oní ẹ́ńjìnnì méjì ò ní yọ̀. Á pín agbára sí ibi mẹ́rin, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ á máa dín in kù níbi tó bá ti fẹ́ yọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ti ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí láìsí wàhálà kankan, ọkàn yín á wá balẹ̀ pé táyà di ilẹ̀ mú dáadáa. Kò di nǹkan kan mú. Ìkìlọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni ẹ̀rọ ti pa lẹ́nu mọ́. Ìgbà tí iná pupa bá tàn níwájú lẹ máa tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí mọ́tò máa sáré dé kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ fojú inú wo oníjàkadì tí itan ẹ̀ rí bí òpó, tí wọ́n wá da omi ọṣẹ sílẹ̀ níbi tó fẹ́ jà. Tó bá rọra ń gbẹ́sẹ̀, á rìn kọjá, àwọn tó ń wò ó á máa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tì í lẹ́jìká. Itan ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ló kù. Ẹ wá fi itan méjì míì kún un, kó di oníjàkadì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún gbé àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan kọ́ ọ lọ́rùn torí pé bátìrì wúwo, ẹ ní kó máa sáré lórí ọṣẹ yẹn, tó bá wá débi tó fẹ́ dúró... ó dáa, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di àlọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ibi tí táyà kan ti fara kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ló ru mọ́tò tó lè wúwo ju 2,000 kílò lọ. Rọ́bà ò sì kàn ń nu ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán. Títì tó dán lójú wa, gbágungbàgun tíntìntín ló kún ibẹ̀, rọ́bà tó rọ̀ á wọnú wọn, á gba àwòrán ilẹ̀ bí ìda tó móoru ṣe ń gba àmì àtàǹpàkò, á jáde, á tún wọ òmíràn, àìmọye ìgbà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Wíwọlé jáde yẹn wà lára ohun tí à ń pè ní kí táyà di ilẹ̀ mú. Ẹ wá jẹ́ kí ìda yẹn tutù, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò ní gba àmì kankan. Bí rọ́bà táyà ìgbà ooru ṣe ń ṣe nígbà òtútù nìyẹn, ó ń fò lórí ilẹ̀ ni, kò wọnú ẹ̀.

Gbogbo rọ́bà ló ní ìwọ̀n òtútù kan tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń sún mọ́ ọn láá máa le sí i, tó bá wá kọjá ibẹ̀, á gan bíi gíláàsì. Ohun tó dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó ń po rọ́bà lè sún ìwọ̀n yẹn sókè sódò bó ṣe wù wọ́n. Ti ìgbà ooru, wọ́n sún un sókè kí táyà má baà rọ̀ jù, kó má tètè jẹ tán lórí títì gbígbóná. Ti ìgbà òtútù, wọ́n sún un wálẹ̀ dáadáa, wọ́n fi rọ́bà tó wá látara igi kún un, wọ́n po sílíkà, ìyẹ̀fun kan tó bá yanrìn tan, mọ́ ọn, kó lè ṣì máa rọ̀ nígbà tí ìka èèyàn fúnra ẹ̀ ti kú débi pé kò lè de bọ́tìnnì. Dígírì 7 tí gbogbo ayé ń pè káàkiri, pé tí ojú ọjọ́ bá ti tutù débẹ̀ ká wọ táyà ìgbà òtútù, kì í ṣe súìṣì o. Táyà ooru ò kàn ní sùn ní dígírì 6 kó jí ní 8. Ibi tí ọ̀kan ti ń rẹ̀yìn tí èkejì sì ti ń gbapò níwájú ni, ibẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti táyà sí táyà.

Ìyẹn fún títì tó tutù lásán. Tí yìnyín, ìyẹn funfun rírọ̀ bí òwú yẹn, bá ti wá bo ilẹ̀, iṣẹ́ míì wọ̀ ọ́. Ẹ wo ojú táyà ìgbà òtútù dáadáa, ẹ ó rí àwọn ilà tín-ín-rín bíi pé wọ́n fi bíléèdì là á, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Tí táyà bá ń yí, ilà yẹn á ya ẹnu, á bu yìnyín jẹ, á pa ẹnu dé. Yìnyín sì máa ń lẹ̀ mọ́ yìnyín ẹgbẹ́ ẹ̀ ju bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà lọ, nítorí náà táyà tí yìnyín kún ojú ẹ̀, tó dà bíi pé ó ti dọ̀tí tó sì yẹ ká nù, òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n yìí dáa gan-an, ọ̀tá fúnra ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Omi dídì lójú títì nìkan ni kò gba ẹ̀bẹ̀ yẹn, kò ṣeé bù jẹ, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì máa ń wà lórí ẹ̀ tí táyà fi ń yọ̀, àwọn ilà yẹn á fa díẹ̀ nínú omi náà mu, rọ́bà rírọ̀ á wá gbìyànjú èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí omi dídì ti dígírì 1 sísàlẹ̀ òdo fi ń yọ̀ ju ti dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo lọ, tó sì jẹ́ pé ti 20 yẹn ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù.

Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Nokian Tyres lónìí, ní Finland, ló kọ́kọ́ ṣe irú táyà yìí ní 1934, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, ti mọ́tò kéékèèké dé ní 1936.

Ó ku àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. M+S, tó túmọ̀ sí ẹrẹ̀ àti yìnyín, oyè tí táyà fi jẹ ara ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdánwò tó gbọ́dọ̀ yege kó tó gbà á. Àwòrán òkè olórí mẹ́ta tó ní ìràwọ̀ yìnyín nínú lẹ máa wá, ìyẹn ti ṣèdánwò lórí yìnyín. Jámánì gbà pé M+S yìí tó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tó di oṣù kẹwàá 2024 ni àmì òkè yẹn nìkan wá ku ohun tí òfin wọn kà sí táyà ìgbà òtútù. Ó pẹ́ jù, àmọ́ ó dé. Ní Québec, ní Kánádà, gbogbo mọ́tò ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kẹta. Àmì òkè yẹn náà ò sì sọ nǹkan kan nípa omi dídì. Ní Yúróòpù, láti 2021, àmì kan wà fún ìyẹn lọ́tọ̀ lára lébẹ́lì táyà, ẹni tó bá ń gbé níbi tí títì ti ń dì bíi dígí fún ọ̀pọ̀ oṣù ló yẹ kó wá a.

Ó wá kan ríìmù, ibi tí àwọn tó ń ta mọ́tò ti ń fi ojú wa ṣeré. Ríìmù 20 íǹṣì máa ń wù èèyàn nínú fọ́tò. Nígbà òtútù, ríìmù tó kéré jù tó lè wọ̀ ọ́ láìfara kan bíréèkì ló dáa jù, àfi tí ìwé mọ́tò bá ní rárá. Ẹ gbé Tesla Model 3 yẹ̀ wò, ó ti lo 235/45R18, ó ti lo 235/35R20. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà, èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, èyí tó kẹ́yìn ni ríìmù. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, gbogbo táyà ti àkọ́kọ́ ga tó 669 mìlímítà, ti èkejì bíi 672, kò sí ìyàtọ̀, mọ́tò ò ní mọ̀, ohun tó ń ka eré ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ti 18 ga tó 106 mìlímítà, ti 20 ò ju 82 lọ. Mìlímítà 24 yẹn, rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ni, òun ló máa wà láàárín ríìmù yín àti kòtò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Táyà ríìmù kékeré tún wọ́n dínkù, ríìmù tí wọ́n kàn kùn lásán sì ń fara da iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ju èyí tí wọ́n fá dán lọ. Ìyẹn ni pé ríìmù tí kò lẹ́wà, tó kéré, tó rọjú, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ jù, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá sì ṣàdédé ń gbọ̀n lẹ́yìn ìrìn inú yìnyín, ẹ kọ́kọ́ wo inú ríìmù, yìnyín tó dì síbẹ̀ ló sábà máa ń fà á, ẹ gbọ́n ọ́n dànù kẹ́ ẹ tó lọ sanwó fún fọkanáísà.

Bóòtù mélòó, ihò àárín ríìmù fẹ̀ tó báwo, ríìmù yọ síta tàbí wọlé tó báwo, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́, ìwé mọ́tò sọ gbogbo ìyẹn. Èyí tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fò fún mọ́tò oníná ni nọ́ńbà ẹrù tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. 91 túmọ̀ sí 615 kílò fún táyà kan, 94 jẹ́ 670, 98 jẹ́ 750. Táyà tó bá ìwọ̀n ríìmù mu rẹ́gí lè má lè ru bátìrì yẹn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí XL, ìyẹn àmì táyà tó lè ru ẹrù ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, tàbí HL tó tún lágbára jù ú lọ, lára táyà àwọn mọ́tò yìí. Ẹ má lọ sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mọ́tò yín láé.

Ẹ̀sùn pé táyà ìgbà òtútù ló ń jẹ iná bátìrì, ó jẹ díẹ̀ lóòótọ́, rọ́bà rírọ̀ máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Àmọ́ híítà tó ń mú inú mọ́tò gbóná àti bátìrì tí òtútù mú gan-an ló jẹ èyí tó pọ̀, táyà ló kàn jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fojú rí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó rà. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà máa ń lọ sílẹ̀ bíi 1 psi, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà, fún gbogbo dígírì 5 tàbí 6 tó bá já, ẹni tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i látìgbà ooru ló ń fi táyà tó ti rọ̀ wọ̀lẹ̀ ba iná jẹ́.

Ibì kan tún kù tí kọ̀ǹpútà ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, ẹ́ńjìnnì á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á máa fa táyà sẹ́yìn, á máa kó iná padà sínú bátìrì. Nínú mọ́tò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà bẹ́ẹ̀, lórí omi dídì ìyẹn lè mú kí ìdí mọ́tò fẹ́ ṣáájú orí ẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì yára tú u sílẹ̀. Bátìrì tó tutù náà ò lè gba iná wọlé kíákíá, nítorí náà láàárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀, mọ́tò á kàn máa yí lọ ni, nígbà tó bá wá di wákàtí kan lẹ́yìn náà tí bátìrì ti móoru, ẹsẹ̀ kan náà tẹ́ ẹ gbé á wá fà yín sẹ́yìn gìrì. Mọ́tò kan náà, títì kan náà. Kò sí àmì kankan níwájú yín tó máa sọ iye tí táyà ṣì lè dì mú. Ẹ wá ibi gbalasa kan tí kò séèyàn lọ́jọ́ tí yìnyín bá kọ́kọ́ bọ́, ẹ sáré 30 péré, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ ka iye ìṣísẹ̀ tó fi dúró.