Ìdínà nínú géèmù sọ́ḿbì: ọ̀nà ta ni à ń dí?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń gbá géèmù sọ́ḿbì, ìyẹn òkú tó ń rìn kiri, ń lò lójoojúmọ́, kò sí èyí tí à ń ṣì túmọ̀ tó bàríkéèdì, ìyẹn barricade ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan gbé e bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, wọ́n sì gbà pé àwọn ti túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní odi, àwọn mìíràn ń pè é ní ìdènà, mo sì ti rí ẹni tó pè é ní ògiri ààbò. Èmi ń pè é ní ìdínà, n kò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, òun nìkan ló sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe fún ẹgbẹ́ tó kó sínú ilé kan, tí òkú sì yí ilé náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú odi. Amọ̀ tàbí òkúta ni wọ́n fi ń mọ odi, ó ń gba àkókò púpọ̀, ó sì lè dúró lẹ́yìn tí àwọn tó mọ ọ́n ti kú tán. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyí. Ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni àga, tábìlì, pákó àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìkánjú wọ́ jọ, tó sì lè tú ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń pè é ní odi á fọkàn balẹ̀, á sì sùn. Nígbà tó bá fi máa jí, á bá ara rẹ̀ láàárín àwọn òkú tó wà níta.

Ti ìdènà nira díẹ̀, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, àwọn oníròyìn àti àwọn elétò ìlera sì ń lò ó fún oríṣiríṣi nǹkan. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà de ẹlòmíràn ni à ń sọ pé ó dènà dè é. Ẹni tó ń dènà ń fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wá bá òun. Àwọn èèyàn inú ilé wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá wọn rárá. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, sọ́ḿbì tó dúró síta ló ń dènà. Dí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa: à ń dí ihò, à ń dí ojú fèrèsé, à ń dí ọ̀nà. Ohun tí a sì dí, a lè ṣí i, a lè dí i kù díẹ̀, a sì lè pinnu ibi tí a kò ní dí rárá. Odi àti ògiri kò lè sọ èyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọgbọ́n géèmù náà wà. Àwọn kan ti tako mi pé ìdínà ń mú ọkàn lọ sí ojú títì. Ọ̀nà ni ọ̀nà ń jẹ́, ìbáà jẹ́ títì, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn, ìbáà sì jẹ́ fèrèsé òkè. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti lè gbà wọlé, ọ̀nà ni.

Sọ́ḿbì fúnra rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ń pè é ní àkúdàáyà ń ba ọ̀rọ̀ gidi jẹ́, torí àkúdàáyà a máa sọ̀rọ̀, a máa fẹ́yàwó, a sì máa gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé ó ti kú, nígbà tí sọ́ḿbì inú géèmù kò mọ̀ ju pé kí ó já ẹran ara èèyàn jẹ lọ.

Ìdínà, nígbà náà, ni ohunkóhun tí àwọn alààyè bá kó dí ojú ọ̀nà ilé kí wọ́n lè fi ra àkókò. Mo tẹnu mọ́ àkókò, nítorí pé wọ́n lè fọ́ ìdínà tí mò ń sọ yìí bó ti wù kó nípọn tó. Ọkọ̀ ojú omi tó ń jò ni kí ẹ fi wé. Pákó ọkọ̀ náà kọ́ ló ń gbé àwọn èrò inú rẹ̀ dúró lójú omi, ọwọ́ tó ń gbọ́n omi jáde ni. Bí ẹnì kan bá ń gbọ́n, tí ẹnì kan ń tukọ̀, tí ẹnì kan sì ń wá ojú ibi tó ń jò, wọ́n lè gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá rọ́ sídìí omi gbígbọ́n, ọkọ̀ á máa yí lójú kan náà, bí gbogbo wọn bá sì sùn, pákó tó dára jù lọ kò ní gbà wọ́n.

Géèmù tó fi èyí hàn kedere jù lọ ni Urban Dead, tí Kevan Davis gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù keje ọdún 2005, tó sì tì í pa ní oṣù kẹta ọdún 2025 nítorí òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ọ̀rọ̀ kíkà àti bọ́tìnnì títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sí àwòrán tó ń sáré. Ìlú Malton tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ojú ilẹ̀ 100 ní ìbú àti 100 ní òòró. Nígbà tó ṣì wà, ẹyọ okun 50, ìyẹn agbára tí èèyàn ń ná lórí ohun tó bá ṣe, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní lẹ́ẹ̀kan. Ìgbésẹ̀ kan ń jẹ ẹyọ kan, ẹyọ kan sì ń padà wá ní ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá ná 50 náà tán ní láti dúró fún wákàtí 25 kí ó tó kún padà. Ní gbogbo àsìkò tí onítọ̀hún fi wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lórí ibùsùn rẹ̀, ara rẹ̀ inú géèmù ṣì dúró síbi tó fi í sí, sọ́ḿbì tó bá sì wọlé lè jẹ ẹ́ láìsí pé onítọ̀hún gbé ìka sókè. Ìdí nìyẹn tí àkókò fi ju ìbọn lọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń wọlé ní wákàtí kan náà ń lágbára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì di ẹran fún ìyókù ọjọ́. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ pín ara wọn sí òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́ àti ìdájí ló máa ń bá ilé rẹ̀ ní dídí.

Ìpele méje ni ìdínà ilé kan lè ní níbẹ̀: dídí fẹ́rẹ́, dídí díẹ̀, dídí le díẹ̀ àti dídí le gan-an, lẹ́yìn náà ni dídí wúwo, dídí wúwo gan-an àti dídí wúwo kọjá àlà. Títí dé ìpele kẹrin, alààyè tó wà lójú pópó ṣì lè rọ́nà wọlé. Láti ìkarùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni kò lè gba ojú pópó wọlé mọ́, àfi kí ó ti inú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọdá, ìmọ̀ iṣẹ́ kan pàtó tí ẹni tuntun kì í sábà ní ló sì ń jẹ́ kí èèyàn lè sọdá bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàárín àwọn alààyè fúnra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibí yìí náà sì ni orúkọ tí mo yàn ti gbà mí lẹ́nu àwọn alátakò mi.

Ẹ fojú inú wo ẹni tuntun tó ku ẹyọ okun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ilé àkọ́kọ́, ó ti wúwo kọjá àlà. Ó ná ẹyọ kan, ó sún sí ìkejì, òun náà wúwo kọjá àlà. Ó ná ìkejì, ó sún sí ìkẹta, bákan náà ni. Ibi tó dúró sí ní ojú pópó yẹn ló máa sùn sí, òkú la sì máa bá a. Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá kú, sọ́ḿbì ló máa ń dìde dà. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n tì mọ́ta lánàá ló ń padà wá fi èékánná tú ìdínà wọn lónìí. Àwọn tó wà nínú ilé rò pé agbára ni wọ́n ń fi kún agbára, wọn kò mọ̀ pé wọ́n ń bí ọ̀tá fún ara wọn. Mo ń pe àṣìṣe yìí ní àdíjù. Bí àṣejù bá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó yarí, àdíjù náà tọ́.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́n ṣe ni pé wọ́n fẹnu kò lórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan: àwọn ilé kan yóò wúwo kọjá àlà, nítorí pé ohun tó wà nínú wọn ṣe pàtàkì, àwọn ilé kan kò sì gbọdọ̀ ju ìpele kẹrin lọ, àwọn ni ẹnu ọ̀nà fún ẹni tí kò lè sọdá láti ilé dé ilé. Wọ́n a máa fi ọ̀dà fífín kọ àdéhùn náà sára ògiri kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kà á. Iṣẹ́ tí kò lọ́pẹ́ jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó ń mú ọ̀pá irin, tó ń dín ìdínà tí ẹnì kan ti dí jù kù títí yóò fi padà sí ìpele kẹrin. Àwọn ọ̀dàlẹ̀ tó ń ran sọ́ḿbì lọ́wọ́ náà ń fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ tú ìdínà, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fura sí ẹni tó ń dín in, àwọn mìíràn á tilẹ̀ pa á. Láìsí àdéhùn tí gbogbo èèyàn mọ̀, kò sí bí a ṣe lè dá ẹni rere mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀.

Nígbà tí sọ́ḿbì bá ti wọlé, ètò iṣẹ́ yí padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń tú. Sọ́ḿbì tó wà nínú ilé ń ṣèdíwọ́ fún dídí ọ̀nà, ó sì lè kérora kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí lè mọ̀ pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń dí ilẹ̀kùn nígbà tí ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi okun rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá sì pa á, tó fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, kò tíì ṣe nǹkan, torí òkú náà máa dìde, inú ìdínà ni yóò sì dìde sí. Èyí tó tọ́ ni kí ẹni tí okun rẹ̀ pọ̀ jù pa á, kí ẹni tó ku díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbé òkú náà jù síta, nítorí ẹyọ kan péré ni ìyẹn ń jẹ, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìdínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́ tónítóní. Láti inú ilé tí wọ́n ti dí náà, èèyàn ṣì lè gbé òkú jù síta, nítorí náà kò sí àwáwí.

Àwọn géèmù yòókù kò ju pé kí wọ́n yí kókó kan náà padà díẹ̀. Nínú Project Zomboid, pákó mẹ́rin ló lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan fèrèsé, ìṣó méjì sì ni pákó kan ń jẹ, ṣùgbọ́n ariwo òòlù ń pe sọ́ḿbì wá. Ẹni tó bá gbọ́n á ta okùn aṣọ ibùsùn sísàlẹ̀ láti fèrèsé òkè kó tó kan pákó kan mọ́ ti ìsàlẹ̀. Nínú ẹ̀yà sọ́ḿbì ti Call of Duty: World at War, tó jáde ní ọdún 2008, máàkì 10 ni wọ́n ń san fún pákó tí èèyàn bá dá padà sójú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá fi máa ń dá sọ́ḿbì kan sí ní òpin ìpele, kí wọ́n lè fara balẹ̀ tún fèrèsé ṣe. Mo fara mọ́ ọn, bí gbogbo wọn bá ṣáà gbà láti má ṣe yìnbọn fún un.

7 Days to Die ló ya àwọn olódi lẹ́nu jù. Sọ́ḿbì ibẹ̀ ń wá ọ̀nà tó rọ̀ jù lọ dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá dí gbogbo ojú ilé pátápátá, ẹ ti fi yíyàn ibi tí wọn yóò fọ́ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń la òru keje já dáadáa, òru tí sọ́ḿbì máa ń ya bo èèyàn, máa ń fi ọ̀nà kan sílẹ̀ ní mímọ̀ọ́mọ̀, wọ́n á to ẹ̀gún sí i, wọ́n á sì kọjú ìbọn síbẹ̀. Kí ni ẹni tó ń pè é ní odi fẹ́ pe ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn?

Nínú Killing Floor, tí èèyàn mẹ́fà jọ lè gbá, ẹ̀rọ ìjórin ni wọ́n fi ń jó ilẹ̀kùn pa. Àìdára tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ẹnì kan jó ilẹ̀kùn tí àwọn márùn-ún yòókù fẹ́ gbà sá padà. Nígbà tí ariwo bá ti pọ̀, kò sí àyè fún àlàyé, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ gbọ́dọ̀ kúrú. Ẹ gbìyànjú láti pariwo bàríkéèdì nínú gbohùngbohùn nígbà tí wọ́n ti ń já ilẹ̀kùn. Ẹ ó rí i pé orúkọ lásán ni, kò pàṣẹ kankan. Ṣùgbọ́n "dí ẹ̀yìn!" yé gbogbo èèyàn, "dín in kù!" yé wọn, "ṣí i sílẹ̀ fún mi, mò ń bọ̀!" náà sì yé ẹni tó ti gbé ẹ̀rọ ìjórin sọ́wọ́.