Ṣé ìdùbúlẹ̀ ni ó ń wo aláìsàn sàn?

Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lánàá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lónìí, àwọn ẹbí tí ó yí ibùsùn ká sábà máa ń fajú ro, nítorí pé ìkà ni irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ohun tí ó wà nídìí ìbínú náà ni ìgbàgbọ́ pé kò sí ohun tí ara tí ń ṣàìsàn ń fẹ́ ju ìdùbúlẹ̀ lọ, àti pé bí aláìsàn bá ṣe pẹ́ tó lórí ibùsùn ni okun rẹ̀ yóò ṣe padà tó. Ìgbàgbọ́ òdì ni, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn ní jàǹbá.

A kò lè dá àwọn ẹbí nìkan lẹ́bi, torí pé àwọn dókítà pàápàá gba èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà kan rí, ẹni tí àìsàn ọkàn bá kọlù lójijì lè wà lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní ọdún 1947, Richard Asher, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú British Medical Journal, níbi tí ó ti ka àwọn ewu ìdùbúlẹ̀ láti orí ẹ̀yà ara kan dé òmíràn. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí kan kó ìdánwò 39 jọ lórí àìsàn àti ìtọ́jú oríṣi 15 tí wọ́n ti fi ìdùbúlẹ̀ ṣe ìwòsàn. Wọn kò rí èyí tí ìdùbúlẹ̀ ṣe láǹfààní gbòógì nínú wọn, wọ́n sì rí àwọn tí ó túbọ̀ burú sí i.

Ẹran ara ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré, ẹran ẹsẹ̀ wọn sì fi nǹkan bíi kílógíráàmù 1 dín kù. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí àìsàn ti mú tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè jẹun dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ náà ń kó wàhálà tirẹ̀ wá: nígbà tí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sínú ọkàn, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan rẹ̀, kí èyí tí ó dì náà sì já, kí ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó lè pa ènìyàn lójijì. Bákan náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ ṣáá, òtútù àyà sì lè tibẹ̀ wọlé. Kódà, òòyì tí ó ń kọ́ aláìsàn bí ó bá kọ́kọ́ dìde, tí àwọn ẹbí máa ń fi ṣe ẹ̀rí pé kò tíì yẹ kí ó dìde, ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó sábà ń dá kún un.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni èyí tí ó ń fìyà jẹ aláìsàn jù. Níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, bí egungun ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn orí, ìwúwo ara máa ń tẹ awọ mọ́ ibùsùn débi pé ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibẹ̀ mọ́, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń yí aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí méjì-méjì, bí oorun tilẹ̀ ń kùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèrànwọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra ibi tí ó bá ti pọ́n tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, nítorí pé awọ ibẹ̀ ti fara pa ná, ríra sì lè bà á jẹ́ sí i. Ẹ pe nọ́ọ̀sì wá wò ó. Lára ẹni tí ó dúdú, ó lè má pọ́n rárá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lè gbóná, le, tàbí kí ó máa dun aláìsàn.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé fa aláìsàn dìde o. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ tí wọn kò tíì tò ó, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, gbọ́dọ̀ dúró de àṣẹ dókítà. Oorun náà ṣe pàtàkì, ìrora sì gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ kí a tó rìn, nítorí náà nọ́ọ̀sì lè kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn ìrora, kí ó gbé e jókòó sí etí ibùsùn, lẹ́yìn náà sórí àga, kí ó tó di pé ó gbé ìgbésẹ̀ kankan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹbí bi nọ́ọ̀sì láràárọ̀ ni ibi tí aláìsàn lè dé lónìí, àti bí wọ́n ṣe lè dì í mú láìfa apá rẹ̀.