Parquet: ilẹ̀ onígi àtijọ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe nílé

Parquet ni orúkọ ilẹ̀ ilé tí a fi àwọn gígé igi kéékèèké tò mọ́ ara wọn, tó sì yàtọ̀ sí ilẹ̀ onípákó gbọọrọ tí pákó kan ṣoṣo lè gùn láti ògiri kan dé èkejì. Ní ààfin Versailles ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1684, irú ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi rọ́pò òkúta mábù, nítorí pé omi tí wọ́n fi ń fọ mábù náà nígbà gbogbo ń mú kí àwọn igi tó gbé e ró jẹrà. Èyí tí a óò bá pàdé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún ogún kò ní ọ̀ṣọ́ tó tó ti ààfin. Gígé igi gidi ni, igi oak tàbí tíìkì tàbí ìrókò, tó nípọn tó nǹkan bí 20 sí 25 mílímítà, tí wọ́n tò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì bí eegun ẹja, tí wọ́n sì fi bítúmẹ́nì gbígbóná (ọ̀dà dúdú bí èyí tí a fi ń ṣe títì) lẹ̀ mọ́ kọnkéré.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń sáré lọ yá ẹ̀rọ ìfági, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń ba ilẹ̀ náà jẹ́ kò sí lójú rẹ̀ rárá, abẹ́ ni ó wà. Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná tàbí orí òòlù kan àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá dún bí ohun tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo ti tú kúrò lójú bítúmẹ́nì. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló tú, ní ẹnu ọ̀nà tàbí níbi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bítúmẹ́nì náà ló gbó, tó gan, tí kò sì lè dì wọ́n mú mọ́. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ náà wú sókè, omi ni kí ẹ fura sí. Igi tó bá mu ọ̀rinrin kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i, ìbú rẹ̀ ni ó máa ń fẹ̀, bí kò bá sì sí àyè lẹ́bàá ògiri, àwọn igi náà yóò máa ti ara wọn títí wọn yóò fi gbéra nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi àlàfo bíi mílímítà 10 sí 12 sílẹ̀ yí yàrá ká, tí a sì máa ń fi kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀ tó ṣeé tẹ̀, dí i. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ dí i, kí ẹ sì dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá fá ilẹ̀ tó ṣì wú yóò rí i pé ó di kòtò nígbà tó bá gbẹ.

Kí ẹ tó yọ igi kankan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lójú, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ ohun dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi sáńpépà kàn án, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò níbi àyẹ̀wò, nítorí pé àwọn gọ́ọ̀mù dúdú àtijọ́ kan ní asbestos nínú, ohun tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí kò bá sí i, iṣẹ́ tó ń tánni ní sùúrù ló kù: kí a ha bítúmẹ́nì kúrò lára igi kọ̀ọ̀kan. Nínú òtútù ó máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, nínú ooru ó máa ń fà, nítorí náà òtútù ló dára jù, a kò sì gbọdọ̀ fi iná sun ún, torí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kò pọn dandan kí abẹ́ igi mọ́ tónítóní bí èyí tó kù bá tín-ínrín tó sì dì mọ́ ọn dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ má fi ṣeré, nítorí ìṣù bítúmẹ́nì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan yóò ti èyí tó tẹ̀ lé e, títí tí igi tó kẹ́yìn kò fi ní rí àyè wọlé. Kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀ mọ́ bítúmẹ́nì, nítorí náà ẹ ra èyí tí ẹni tó ṣe é kọ sí i lára pé ó bá a mu.

Bí igi kan bá sọnù tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́, ẹ wá irú igi kan náà tó ti gbó bákan náà. Bí kò bá sí, mo fara mọ́ kí a yọ àwọn tó dára lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù wá síbi tí ojú ń tó, kí a sì fi tuntun sí ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò bò. Ẹ jẹ́ kí igi tuntun náà wà nínú yàrá fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ìgbà yìí ni fífá tó kàn. Epo ìda àtijọ́ tó wà lójú ilẹ̀ máa ń dí sáńpépà, torí náà ẹ kọ́kọ́ nù ún kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sáńpépà nọ́ńbà 40, ẹ kọjá sí 60 àti 80, kí ẹ parí sí 100 tàbí 120, kí ẹ má sì fo ọ̀kankan, nítorí pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń pa ojú ìlà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fà. Ojú igi inú ilẹ̀ yìí kọjú sí ọ̀nà méjì, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè bá gbogbo wọn lọ. Bó bá ń tẹ̀ lé gígùn ọnà eegun ẹja náà, yóò máa gba orí gbogbo igi ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà. Ẹ̀rọ tó ń yí po ni kí ẹ wá fi parí rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó jáde ni a máa ń pò mọ́ oje igi tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí láti fi dí àwọn àlàfo tóóró. Ẹ fi ìbomú tó nípọn bo imú: IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà.

Lẹ́yìn fífá, fáníìṣì tàbí epo tí wọ́n ń tà fún kíkun igi ni a ó fi kun ilẹ̀ náà. Fáníìṣì le ju epo lọ, ṣùgbọ́n bó bá ha níbì kan, ó sábà máa ń gba kí a fá gbogbo ilẹ̀ náà kí àtúnṣe rẹ̀ tó dọ́gba. Ilẹ̀ tí a fi epo kùn ṣeé tún ṣe níwọ̀n ibi tó bàjẹ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi yàn án fún ilẹ̀ àtijọ́. Àkísà tí a fi kun epo bẹ́ẹ̀ lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná, nítorí náà ẹ má ṣe ká a jọ: ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin. Kápẹ́ẹ̀tì ni kó kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí yóò padà sínú yàrá, nítorí pé epo tí atẹ́gùn kò kàn kì í gbẹ dáadáa.