Ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ ká sùn

Ẹ dùbúlẹ̀ tán lálẹ́, nǹkan kan ń rìn bí èèrà nínú ẹsẹ̀, àfi kí ẹ dìde rìn káàkiri yàrá kó tó rọlẹ̀. Ẹ má tètè pè é ní làkúrègbé. Làkúrègbé a máa ro èèyàn ní oríkèé, ìrìn a sì tún máa dá kún un. Pajápajá ní tirẹ̀ á ká iṣan jọ, á le gbagidi. Èyí, tí àwọn dókítà ń pè ní restless legs syndrome, yàtọ̀: ìsinmi ló ń jí i, ìrìn ló ń lé e.

Irin (iron) tí ara tọ́jú pamọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Bó bá dín kù, ọpọlọ kì í rí dopamine, èròjà tó ń darí bí ara ṣe ń mira, lò bó ṣe yẹ. Níbí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á yẹ PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) wò, á jẹ́ 37, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ pé. PCV kò mọ ohun tó kù nínú àká. Ferritin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn irin tí ara tọ́jú, ló mọ̀ ọ́n. Bí ferritin àgbàlagbà bá jẹ́ 75 (ng/mL) tàbí kó kéré sí i, ọ̀rọ̀ oògùn irin ti dé nìyẹn, PCV ìbáà dára. Ẹ má ṣe àyẹ̀wò náà lọ́sẹ̀ tí ibà ń ṣe yín o, ibà a máa gbé ferritin sókè, á sì tan dókítà jẹ.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya púpọ̀ nítorí iju, àti ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ló sábà máa ń pàdánù irin. Aláboyún mìíràn a máa ní àìsàn ẹsẹ̀ yìí ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Àìsàn kíndìnrín àti àtọ̀gbẹ náà lè fà á, ó sì lè jẹ́ àjogúnbá nínú ìdílé.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ẹ gbọ́ ti gbàǹja. Kaféènì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ á rọlẹ̀.

Ohun tó burú jù ni Piriton tàbí promethazine tí wọ́n ń lò kí oorun lè kùn wọ́n: ó lè mú ẹsẹ̀ náà le sí i. Metoclopramide (oògùn èébì) àti amitriptyline (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn) náà wà níbẹ̀. Èyí tí dókítà bá kọ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ bá a.

Ẹ má sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, pàápàá ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe tó ti gba ẹ̀jẹ̀ léraléra; irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Omi ọsàn ni kí ẹ fi lo oògùn irin, kì í ṣe tíì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ferritin yẹ̀ wò. Ìgbẹ́ yín á dúdú, oògùn ló fà á. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dúdú, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.