Àlàyé Ọ̀rọ̀: Ìrìn Àrìnkiri Láàárín Ìdènà

Ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ojú ọ̀nà Oǹdó ní Àkúrẹ́, mo rí èèrà kan láàárín búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀ kí ó lè gbẹ: ó lọ síwájú díẹ̀, ó forí sọ búlọ́ọ̀kù, ó ṣẹ́rí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Irú ìrìn yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì máa ń ṣe àfarawé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí èérún ohun kan ṣe ń gba inú òkúta oníhò tàbí inú sẹ́ẹ̀lì ara kọjá. (Èèrà tòótọ́ máa ń tọ òórùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ti inú kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan.)

Wọn a fa ìlà ní ìbú àti ní òòró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pín sí ilé-ilé bíi pátákó dírááfù, wọn a sì dí àwọn ilé kan láìṣà wọ́n lẹ́ṣà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké láàárín ilé mẹ́rin tó yí èérún ká. Bí kèké bá mú ilé tó dí, èérún á dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n wọ́n á ka ìgbà náà mọ́ ọn.

Bí ìdènà kò bá sí, èérún tó rìn ní ìgbà 100 yóò jìnnà tó nǹkan bí ilé 10 sí ibi tó ti gbéra, bí a bá wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ èérún pa pọ̀. Kí ó tó lè jìnnà tó ilé 20, ìgbà 400 ni yóò gbà, kì í ṣe 200. Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ irú ìrìn yìí lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì (random walk) ní ọdún 1905.

Ìdènà díẹ̀ kò yí òfin yìí padà, pé ìlọ́po mẹ́rin àkókò ni èérún ń lò kí ó tó lè jìnnà ní ìlọ́po méjì. Ó kàn ń fa ìrìn náà sẹ́yìn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ìgbà tí ilé tó dí bá tó nǹkan bí 41 nínú 100, níbi tí ọ̀nà tó la pátákó náà já ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ní ààlà yìí, kọ̀rọ̀ tí kò jálẹ̀ pọ̀ débi pé èérún tó wà lójú ọ̀nà tó gùn jù lọ pàápàá yóò lò ju ìlọ́po méje àkókò lọ kí ó tó lè jìnnà ní ìlọ́po méjì. Ní ọdún 1976, Pierre-Gilles de Gennes, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi èérún yìí wé èèrà tó há sínú ọ̀nà dídíjú.

Bí ìdènà bá sì ti kọjá ààlà yẹn, inú àgò ni gbogbo èèrà wà: bó ti wù kí wọ́n rìn pẹ́ tó, wọn kò ní jìnnà ju fífẹ̀ àgò náà lọ.