Kí ló dé tí ọ̀run fi ń funfun báláú nínú fọ́tò mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo gun Olúmọ, mo sì ya Abẹ́òkúta láti òkè. Lójú mi, ọ̀run mọ́ gaara, ìkùukùu sì wà níbẹ̀. Nínú fọ́tò, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Bí o bá gbójú sókè, ẹyinjú rẹ á sún kì. Bí o bá wo ìsàlẹ̀, á tún là sí i, ọpọlọ á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló ń mú fún gbogbo àwòrán. Àwọn páánù Abẹ́òkúta ti dípẹtà, wọ́n pọ́n bí erùpẹ̀, wọn kì í dán. Tí wọ́n bá gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sí i. Ọ̀run tó ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ibi tó bá ti funfun tán, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ tí èèyàn lè fà jáde. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì máa ń yọ díẹ̀ bí o bá tún un ṣe nílé. Nítorí náà, ọ̀run ni kí o kọ́kọ́ dáàbò bò. Fi ìka tẹ ìkùukùu lójú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì òòrùn kékeré á yọ. Fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí etí ìkùukùu á fi hàn. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà gidi, bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó) àti 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé). Bí ọ̀run bá ṣì funfun, gbé e lọ sí 1/250: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín sí ìdajì.

Ìbéèrè: Òkè Ìdànrè ga dẹ́rù bani. Kí ló dé tó fi dà bí òkìtì nínú fọ́tò?

Ìdáhùn: Lẹ́ńsì fóònù gbòòrò. Ó ń kó nǹkan púpọ̀ wọlé, ohun tó jìnnà á sì kéré. Má sáré sún mọ́ òkè. Fà sẹ́yìn, kí o lo 2x tàbí 3x (èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta), bí fóònù rẹ bá ní lẹ́ńsì fún un. Lẹ́yìn náà, wá ohun tí gbogbo ayé mọ bó ṣe tóbi tó, kí o fi sí iwájú òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti yà á títí ó sú mi, kò wuyì. Ìyá kan ru abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lójú títì. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo yà á bó ṣe ń lọ. Abọ́ yẹn kò ju èékánná lọ nínú àwòrán, àpáta dúdú sì dìde gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìdànrè tó jọ Ìdànrè.

Má sì fi ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé sí àárín gbùngbùn. Tí ìkùukùu bá rẹwà, fún ọ̀run ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, dín in kù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo gan-an ni ìmọ́lẹ̀ dára jù?

Ìdáhùn: Àwọn olùkọ́ láti Yúróòpù máa ń ní wákàtí kan lẹ́yìn tí òòrùn bá yọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òòrùn ń gòkè ṣánṣán ni, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ yẹn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù January, nǹkan bí aago méje ni òòrùn ń yọ. Kí o ti dúró sí àyè rẹ ṣáájú. Níbi tó bá ní géètì tí wọn kì í tètè ṣí, ìrọ̀lẹ́ ni kí o lò.

Ìbéèrè: Ọyẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Má bá a jà. Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ń jẹ́ kí òkè tó jìnnà ṣe báíbáí. Gbé igi tàbí àpáta dúdú sí iwájú, kí àwọn òkè máa hàn báíbáí lẹ́yìn rẹ̀ ní ipele-ipele. Àmọ́ eruku kan náà ń bà sára lẹ́ńsì, nítorí náà fi aṣọ òwú rírọ̀ nù ún kí o tó tẹ bọ́tìnnì.