Níbi tí gethostbyname ti ṣẹ̀ wá

Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́ èdè C ní Adó-Èkìtì lónìí, tí ó sì dé orí bí prógráàmù ṣe ń fi orúkọ wá àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà mìíràn, iṣẹ́ tí àṣẹ gethostbyname ń ṣe, ohun tí yóò sábà gbọ́ ni pé ọdún 1983 ni ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀: àwọn kan á ní Paul Mockapetris ló bí i, nígbà tó gbé DNS, ètò tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń wá àdírẹ́sì tó bá orúkọ mu, kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn mìíràn á ní àwọn ará yunifásítì Berkeley ni, tí wọ́n gbé 4.2BSD, ẹ̀yà tiwọn nínú ètò Unix tí ń darí kọ̀ǹpútà, jáde ní oṣù kẹjọ. Èmi kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọmọ náà ti lórúkọ ní ọdún méjìlá ṣáájú, ohun tí Berkeley sì ṣe kò ju pé wọ́n rán aṣọ fún ọmọ tó ti ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1969, kọ̀ǹpútà yunifásítì UCLA ní Los Angeles fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ti ilé ìwádìí SRI ní Menlo Park lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀ wá. Nọ́ńbà lásán ni kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Bíìtì mẹ́jọ péré (ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1) ni àdírẹ́sì, mẹ́fà fún IMP, ẹ̀rọ agbéṣẹ́kiri tí kọ̀ǹpútà so mọ́, méjì fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè gbà kò lè kọjá 256. Lójú tèmi, kí ọdún 1970 tó parí, ẹnì kan níbì kan á ti lẹ pépà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó kọ nọ́ńbà sí apá kan tí ó sì kọ orúkọ sí apá kejì, nítorí kò sí ọmọ ènìyàn tí í fi nọ́ńbà pe ohun tó ń bá a ṣe lójoojúmọ́. Bí pépà yẹn bá wà, òun gan-an ni baba ńlá gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Ohun tó dájú ni pé ibùdó kọ̀ọ̀kan fún àwọn yòókù ní orúkọ tó wù ú, prógráàmù TELNET tí ó wà níbẹ̀, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, sì ń lo orúkọ tirẹ̀, kò bìkítà ohun tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà kan náà ní ibòmíràn.

Ẹni tó bá ti débi ìsọmọlórúkọ ní agbo ilé ńlá yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bàbá ọmọ á sọ tirẹ̀, ìyá bàbá á ju owó sínú abọ́ omi, á sọ tirẹ̀, àwọn ará ilé ìyá ọmọ kò ní gbà kí tiwọn gbẹ́yìn, kí ọjọ́ kẹjọ sì tó ṣú, ọmọ ti ní orúkọ mẹ́wàá, kálukú yóò sì máa pè é ní èyí tó fún un. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, tí tíṣà yóò bi bàbá rẹ̀ léèrè pé èwo ni kí òun kọ sínú ìwé.

Ẹni tó béèrè ìbéèrè tíṣà yìí lórí ARPANET ni Peggy Karp ti ilé-iṣẹ́ MITRE. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nínú RFC 226, ọ̀kan nínú àwọn ìwé onínọ́ńbà tí àwọn ará nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fi ń jíròrò, ó ní ó yẹ kí gbogbo ibùdó fẹnu kò sórí orúkọ kan náà fún host kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jon Postel dá sí ọ̀rọ̀ náà nínú RFC 229 ní oṣù kan náà, Karp sì padà wá ní oṣù kẹwàá pẹ̀lú RFC 247, tí ó to àwọn orúkọ tó dábàá sí. (Ọ̀rọ̀ host yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn: ìran ọ̀rọ̀ Látìnì hospes ló ti wá, èyí tí àwọn ará Róòmù fi ń pe onílé tó gba àlejò, tí wọ́n sì tún fi ń pe àlejò tí a gbà. Àwa kì í da onílé àti àlejò pọ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ìfẹnukò nìkan kò tó, ó ku ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1973, L. Peter Deutsch fi ẹ̀hónú hàn nínú RFC 606 pé kò bójú mu kí ibùdó kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì bá ìgbà mu mọ́, ó sì ní kí fáìlì kan ṣoṣo wà tí prógráàmù lè kà. Ọdún 1974 ni NIC, ọ́fíìsì tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní SRI, gba iṣẹ́ náà, fáìlì HOSTS.TXT sì délé ayé. Elizabeth Feinler ló di olórí ọ́fíìsì yẹn. Ìmọ̀ kẹ́míkà ló kọ́ ní yunifásítì, ọdún 1972 ni Doug Engelbart, olùwádìí kan ní SRI, mú un wọ iṣẹ́ náà, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí di ọdún 1989. Jake ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ìyẹn ni pé olùtọ́jú orúkọ fúnra rẹ̀ ní orúkọ àbísọ àti ìnagijẹ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tuntun yóò kọ̀wé sí wọn tàbí kí ó pè wọ́n lórí fóònù ní àkókò iṣẹ́, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ orúkọ tó mú wá, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni fáìlì tuntun ń jáde, kálukú á sì wá gbé tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ojú sí ni bí a ṣe kọ ìlà kan nínú fáìlì náà, gẹ́gẹ́ bí RFC 810 ti ọdún 1982 ti là á sílẹ̀: àdírẹ́sì, tí ó lè ju ẹyọ kan lọ, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ gidi, lẹ́yìn orúkọ gidi àwọn ìnagijẹ, kí ó tó wá kan irú ẹ̀rọ àti àwọn nǹkan mìíràn. Wàyí o, kí ó ṣí netdb.h, fáìlì èdè C tó ṣàpèjúwe gethostbyname, kí ó wo struct hostent, àpótí tí àṣẹ náà ń kó èsì sí: h_name fún orúkọ gidi, h_aliases fún àwọn ìnagijẹ, h_addr_list fún àwọn àdírẹ́sì. Ìlà inú HOSTS.TXT nìyẹn tí wọ́n kàn tú palẹ̀ sínú èdè C. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ń ṣiyèméjì, 4.2BSD wá pẹ̀lú prógráàmù gettable tí ń lọ gbé fáìlì náà láti NIC, àti htable tí ń sọ ọ́ di /etc/hosts, fáìlì tí àṣẹ gethostbyname ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kódà, àwọn ará Berkeley gé nǹkan kù. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo, h_addr, ni wọ́n fi sínú hostent àkọ́kọ́, ó sì di 4.3BSD ní ọdún 1986 kí wọ́n tó dá àkójọ àdírẹ́sì tí Feinler ti ń kọ padà sí ipò rẹ̀.

Àwa ará Èkìtì kò gbọdọ̀ ka ìnagijẹ sí nǹkan kékeré. Ibi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń pe ilé, ulé ni àwa ń pè é, iṣu tiwọn sì ni uṣu tiwa. Ẹni tó bá wọ inú ulé kò wọ ibòmíràn yàtọ̀ sí inú ilé. Àkọsílẹ̀ tí kò bá fàyè gba orúkọ méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wa ni yóò ṣìnà.

Ní ti DNS, kò ju pé ó pín iṣẹ́ títọ́jú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọwọ́, nígbà tí fáìlì kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ayé mọ́. Èyí kò lè ṣàjèjì sí Èkìtì, ilẹ̀ Aládé Mẹ́rìndínlógún, níbi tí Ajerò kì í dá ọ̀rọ̀ Ìjerò dúró de Èwí. Àlejò tó ń wá ènìyàn ní Adó yóò kọ́kọ́ béèrè àdúgbò, bóyá Ìjìgbò tàbí Òkèyìnmi, yóò dé ibẹ̀ béèrè agbo ilé, agbo ilé ni yóò sì fi yàrá hàn án. Èmi kò sọ pé Mockapetris wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí àlejò tó lè béèrè ẹnì kan, a gbọ́dọ̀ ti sọ ẹni náà lórúkọ.

Àléébù kan tún wà tí gethostbyname bá wáyé, tí mo sì fi ojú ara mi rí. Nígbà tí mo ń kọ́ C, mo wá orúkọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo tọ́jú atọ́ka (pointer) tí ó dá padà fún mi sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì tẹ̀ wọ́n jáde: àdírẹ́sì ẹnì kejì ni mo rí nígbà méjèèjì. Abọ́ kan ṣoṣo ni àṣẹ náà ń bu èsì sí, ìgbà tó bá sì tún bù, ti àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Berkeley mẹ́rin kọ BIND, prógráàmù tí ń dáhùn ìbéèrè DNS, ní ọdún 1984, gethostbyname sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ DNS láìjẹ́ pé àwọn tó ń pè é yí ohunkóhun padà. IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó gùn ju ti ìṣáájú lọ, dé, RFC 2133 sì mú getaddrinfo wá ní ọdún 1997, tí ń fún ìpè kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀ tí a óò fi freeaddrinfo dá padà. POSIX, ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn ètò bíi Unix, yọ gethostbyname kúrò ní ọdún 2008. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Qualys kéde àléébù tí wọ́n pè ní GHOST, tó ti wà láti ọdún 2000 nínú gethostbyname ti glibc, àkójọ àṣẹ C tí Linux sábà ń lò.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí /etc/nsswitch.conf lórí kọ̀ǹpútà Linux, tí ó sì wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hosts, yóò sábà bá files níwájú dns. Kí getaddrinfo tó jáde lọ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ DNS, /etc/hosts ni yóò kọ́kọ́ wò, àdírẹ́sì níwájú, orúkọ gidi, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ìnagijẹ.